Sìmẹ́ńtì Funfun ní Pálọ̀ Akínbọ́lá

"Dà á nù! Mo ní kí o dà á nù! Ẹni tó bá fi dúdú dí ojú táìsì mi lónìí, ojú òun fúnra rẹ̀ ni n óò fi ìyókù dí."

Títílọlá ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, ìyàwó kejì Akínbọ́lá onísọ́míìlì. Ohùn rẹ̀ ti fo ògiri, ó ti dé títì Adébáyọ̀, àwọn tó ń kọjá lọ sì ti ń dẹ ẹsẹ̀. Akínyẹlé bíríkìlà lóṣòó sáàárín pálọ̀, páànù kan wà níwájú rẹ̀, ó ń wo obìnrin náà bí ẹni tí òjò ká mọ́ orí ọ̀pẹ: kò ṣeé sọ̀, kò ṣeé gùn síwájú. Sìmẹ́ńtì inú páànù náà dúdú bí ìdí ìkòkò. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì tó ti kú ni Akínyẹlé fọ́, tó gún dúdú inú wọn kúnná, tó pò ó mọ́ sìmẹ́ńtì lásán, kó lè fi dí àlàfo tó wà láàárín táìsì kan sí èkejì. Mosúnmọ́lá, ìyáálé ilé, ló ní kó ṣe é bẹ́ẹ̀.

Mosúnmọ́lá náà kò jìnnà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìgèdè dé, níbi tí ó ti ń fún epo tà, garawa ṣì wà lórí rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní ilẹ̀ Adó pupa bí osùn, ẹsẹ̀ pọ̀ nínú ilé, epo sì ni iṣẹ́ òun. Ó ní ẹni tó bá fi funfun dí ojú táìsì nírú ilé yìí, ìyà ló ń wá fún ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ìyàwó, dúdú a máa bo àṣírí," ló fi parí rẹ̀.

"Àṣírí ta ni? Èmi ò ní àṣírí lẹ́sẹ̀. Ìwọ tí o ń fi epo wẹ̀, máa rìn níbi tí epo bá wà."

Akínyẹlé tẹ orí ba. Láti ọjọ́ tí Títílọlá ti wọ ilé náà, kò sí ẹni tó gbọ́ "ìwọ" lẹ́nu rẹ̀ sí obìnrin tó tó ìyá rẹ̀ yẹn. Ọwọ́ Mosúnmọ́lá yìí náà ló wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ní agbo ilé Akínbọ́lá, ìyàwó kì í fi ẹsẹ̀ tó fi rìn kúrò nílé bàbá rẹ̀ wọ ilé ọkọ. Ìyàwó tó bá wà ṣáájú rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni yóò kúnlẹ̀, tí yóò bu omi wẹ ẹsẹ̀ náà, tí yóò sì ṣàdúrà. Títílọlá kò gbàgbé ọjọ́ náà. Àdúrà yẹn ló gbàgbé. Ohun tó rántí ni àtàrí ìyáálé rẹ̀, bó ṣe tẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, tí òun ń wò ó láti òkè. Ó dùn mọ́ ọn débi pé láti ìgbà náà ló ti ń wá ọ̀nà tí yóò tún fi rí i.

Ó fi ẹsẹ̀ gbá páànù náà. Sìmẹ́ńtì dúdú dà sí Akínyẹlé lẹ́sẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ariwo sìmẹ́ńtì tàn yín, ọ̀rọ̀ àga ni. Àga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn iwájú nínú pálọ̀ náà, àga onítìmùtìmù, obìnrin tó bá sì jókòó síbẹ̀ ló ni ilé. Oníbàárà onípákó ni o, alàgbà ìjọ ni o, ẹni tó bá ń wá Akínbọ́lá, ọwọ́ obìnrin yẹn ni yóò gbà kọjá. Òun ni yóò mọ ẹni tí ọkọ òun wà nílé fún àti ẹni tí ọkọ òun ń sùn fún. Òun ni yóò mọ ẹni tí bíà tọ́ sí àti ẹni tí omi tó fún. Mosúnmọ́lá ti ń jókòó sórí àga yẹn láti ìgbà tí ilé náà ti jẹ́ ti amọ̀. Títílọlá tó kàwé jáde ní ilé ìwé Mọ́dà, tó lè bá òyìnbó onígẹdú sọ̀rọ̀ kí òyìnbó gbọ́, orí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi sí bí ẹni tó wá gba oògùn lọ́sibítù. Nígbà tí Akínbọ́lá ha ilẹ̀ àtijọ́ dànù, tó lọ kó táìsì aláwọ̀ wàrà wá láti Ìbàdàn, Títílọlá búra nínú ara rẹ̀ pé lọ́jọ́ tí ilẹ̀ náà bá parí, ìdí mìíràn ni àga yẹn yóò máa gbé.

Ọ̀nà tí yóò gbà ni kò mọ̀. Ẹnu Akínyẹlé ló ti rí i. Bí bíríkìlà náà ṣe ń fi omi ṣan ẹsẹ̀ ló ń ráhùn pé kì í ṣe pé funfun burú, ó dára, ojú a sì máa gbà á, àmọ́ ọ̀mùtí ni. Ó ní táìsì kì í mu nǹkan kan. Àlàfo tí a fi sìmẹ́ńtì funfun dí ló ń mu, tíì ni o, kẹrosíìnì ni o, ohun tó bá sì ti gbé mì, kì í pọ̀ ọ́.

Ìbínú Títílọlá rọlẹ̀ bí iná tí wọ́n yọ igi lábẹ́ rẹ̀. Ó bi í pé epo pupa ńkọ́. Akínyẹlé ní ọ̀gá gbogbo wọn nìyẹn. Ó bi í pé ṣé ọṣẹ ò lè bọ́ ọ. Ó ní ọṣẹ ò lè bọ́ ọ, kànrìnkàn ò lè bọ́ ọ, àfi kí wọ́n ha á kúrò kí wọ́n tún un dí.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Títílọlá rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí Akínbọ́lá dé, àwọn méjèèjì ro ẹjọ́ fún un. Ìgèdè lòun náà ti ń bọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń lọ síbẹ̀ lemọ́lemọ́, ó ní igi ìrókò ńlá kan wà níbẹ̀ tí òun ń bá àwọn olóko dúnàádúrà. Bó ṣe tún dá ọ̀rọ̀ ìrókò sílẹ̀, Mosúnmọ́lá wò ó ní ìwò kan, ọkùnrin náà sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Títílọlá rí i. Ó rò pé ọ̀rọ̀ sìmẹ́ńtì ló fa ìwò yẹn, inú rẹ̀ sì dùn pé ọkọ rẹ̀ kò kọbi ara sí i. Ọdún náà ni àwọn sójà ń palẹ̀ ẹrù mọ́, tí àwọn olóṣèlú ń wá ilé ẹni ńlá tí wọn yóò ti máa ṣèpàdé. Akínbọ́lá fẹ́ pálọ̀ tí wọn yóò wọ̀ tí wọn yóò rọra jókòó. Ó ní funfun ni. Ó rán dírẹ́bà sí Ìbàdàn lọ ra sìmẹ́ńtì funfun.

Akínyẹlé pò ó bí ògì tó ki, kò jẹ́ kó ṣàn. Ó gé rọ́bà lára sílípáàsì àtijọ́, òun ló fi ń tì í wọ inú àlàfo, tó ń tẹ̀ ẹ́ kó má ṣe ṣófo nísàlẹ̀. Kò sì jẹ́ kó gbẹ mọ́ ojú táìsì; bó ṣe ń dí i ló ń fi fóòmù tútù nù ún ní ìdábùú, torí ẹni tó bá nù ún tẹ̀lé ojú àlàfo, yóò fa ohun tó ti dí jáde. Lẹ́yìn náà ló fi àkísà gbígbẹ nu èérí funfun tó bo ojú rẹ̀ kúrò. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n máa wọ́n omi sí i kó má baà sán. Títílọlá wọ́n omi náà fúnra rẹ̀ láàárọ̀ láàárọ̀, bí ẹni tó ń bu omi rin ẹ̀fọ́ tó mọ ọjọ́ tí yóò já a. Nígbà tó gbẹ dáadáa, Akínyẹlé padà wá pẹ̀lú àbẹ́là. Ó fẹ́ fi ra ojú funfun náà, kí ọ̀rá àbẹ́là lè dí i lẹ́nu, kó má lè mu epo mọ́.

Títílọlá gba àbẹ́là náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i wò, ó dá a padà. Ìjọ Àgùdà ni ẹbí Mosúnmọ́lá ń lọ.

"Gbé e lọ fún Fada ìyáálé mi. Àwọn ló ń tan àbẹ́là lọ́sàn-án."

Akínyẹlé ní bí òun kò bá rà á, òùngbẹ yóò máa gbẹ ilẹ̀ náà ni.

"Jẹ́ kó máa gbẹ ẹ́. Mo ti mọ ohun tí yóò mu."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, àwọn alàgbà ìjọ Akínbọ́lá yà wá wo pálọ̀ tuntun. Wọ́n jókòó, wọ́n ń yin ilẹ̀, Mosúnmọ́lá sì wà lẹ́yìnkùlé. Títílọlá lọ bá a níbẹ̀. Ohùn rẹ̀ dùn bí oyin, "ẹ̀yin ìyáálé mi" ti padà sẹ́nu rẹ̀. Ó ní àwọn àlejò fẹ́ rí epo tuntun, kí ìyáálé òun jọ̀ọ́ gbé díẹ̀ wá fún wọn wò, àmọ́ kó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà o, nítorí ilẹ̀.

Mosúnmọ́lá bọ́ bàtà. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ ẹyìn níbi tí wọ́n ti ń fún epo, ó sì ti ń tẹ̀ ẹ́ láti ìgbà tó ti jẹ́ ọmọge. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ti là bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀, epo ọjọ́ pípẹ́ sì ti fi ibẹ̀ ṣe ilé. Bàtà tó bọ́ kó má baà ba ilẹ̀ jẹ́ ni ìbá gba ilẹ̀ náà là. Ó rìn láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn dé ọ̀dọ̀ àwọn àlejò, ó kúnlẹ̀, ó kí wọn, ó ṣí igbá epo. Nígbà tó dìde tó bojú wẹ̀yìn, ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tẹ̀lé e wá. Lórí táìsì, ó kàn ń dán ni. Lójú àlàfo funfun, ó ti pọ́n.

Títílọlá kò bínú. Ó ti pèsè omi ọṣẹ àti kànrìnkàn sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó kó wọn wá, ó fi kànrìnkàn lé ìyáálé rẹ̀ lọ́wọ́ lójú àwọn alàgbà. Mosúnmọ́lá wo ọkọ rẹ̀. Ojú ń ti Akínbọ́lá níwájú àwọn àlejò rẹ̀, ó sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán kíá.

"Nù ún, jàre," ló wí.

Obìnrin náà kúnlẹ̀ sórí táìsì pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lára, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀. Bó ṣe ń fọ̀ ni àwọ̀ náà ń tàn sí i. Àwọn alàgbà ń wo àjà ilé bí ẹni pé Olúwa fẹ́ gba ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Títílọlá dúró lé e lórí. Àtàrí tó ti ń wá láti ọjọ́ yìí wá rèé, irun funfun sì ti hù sí i. Ó ní kí ìyáálé òun má gbàgbé abẹ́ àga yẹn. Mosúnmọ́lá ní òun kò dé ibẹ̀. Títílọlá ní kó ṣáà fọ ibẹ̀. Ó fọ ibẹ̀.

Àwọn àlejò kò dúró jẹun. Bí wọ́n ṣe lọ tán ni Akínbọ́lá fìbínú sọ pé láti òní lọ, ẹsẹ̀ tí a kò bá wẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ pálọ̀ òun, àti pé Títílọlá ni òun fi ìtọ́jú ilẹ̀ náà lé lọ́wọ́. Kó tó panu dé, Títílọlá ti jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Tìmùtìmù náà ṣì gbé àpẹẹrẹ ìdí ẹlòmíràn. Ó rún un lábẹ́ ara rẹ̀ títí ó fi bá tirẹ̀ mu.

Mosúnmọ́lá dúró pẹ̀lú kànrìnkàn lọ́wọ́, omi ọṣẹ ń kán sílẹ̀.

"Ṣé gbogbo ẹsẹ̀ ni òfin yìí kàn?"

"Gbogbo ẹsẹ̀ tó bá ti ìta wá," Títílọlá dáhùn. "Bó jẹ́ ti ọba."

"Ìwọ ni yóò sì máa rí sí i?"

"Èmi ni. Níwájú mi báyìí."

"Ó dáa. Ulé rẹ ni." Ó yíjú sí ọkọ. "Baba Adérẹ̀mí, ọ̀rọ̀ tí a jọ ń fà láti èṣí, mo ti jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ máa ṣe é."

Akínbọ́lá dìde bí ẹni tí èérún ta, ó tẹ̀lé e lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. Títílọlá kò tilẹ̀ na etí. Ọ̀rọ̀ àga ló gbà pé obìnrin náà jọ̀wọ́.

Ó ra abọ́ tánganran ńlá kan, ó bu omi sí i, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà iwájú. Ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa, kí ẹni tó bá fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ láàárọ̀ lè gba iwájú wọlé, lójú ọ̀nà, lójú gbogbo ayé. Mosúnmọ́lá yóò dé, yóò ti ẹsẹ̀ bọ inú abọ́. Títílọlá yóò wà lórí àga, yóò tẹ̀ síwájú bíi wolé-wolé tó ń wá tanwíjí nínú ìkòkò omi, yóò fi ìka ra gìgísẹ̀ ìyáálé rẹ̀, yóò gbé ìka náà sókè kí àwọn tó ń kọjá lè rí i. Ó ní kí wọ́n wá wo ibi tí epo wà ní Adó, ìjọba kàn ń dá ara rẹ̀ láàmú nínú òkun ni. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan kò lè rẹ́rìn-ín, wọn kò sì lè kọjá lọ.

Bí ẹsẹ̀ kan bá mọ́, tí Mosúnmọ́lá fẹ́ wọlé, yóò na ọwọ́ dí i lọ́nà.

"Ìkejì ńkọ́?"

Mosúnmọ́lá yóò gbé ìkejì. Láàárọ̀ láàárọ̀, ìbéèrè kan náà. Nígbà tó yá, àwọn ọmọdé àdúgbò ń fi í ṣeré: "Ìkejì ńkọ́?" Títílọlá á gbọ́ ọ láti orí àga, ara rẹ̀ á yá gágá.

Lẹ́yìn náà ni Akínbọ́lá sọ fún un pé àlejò pàtàkì ń bọ̀ láti Ìgèdè lọ́jọ́ Sátidé, kó gúnyán tó pọ̀, kó pààrọ̀ kọ́tìnnì. Ó béèrè pé ṣé ọ̀rọ̀ ìrókò yẹn ti yọrí. Akínbọ́lá ní ó ti yọrí. Títílọlá gúnyán, ó se ọbẹ̀ ẹran ìgbẹ́, ó so kọ́tìnnì tuntun, ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ gbogbo ojú funfun náà títí ó fi ń kọ mọ̀nà, àfi ipa ẹsẹ̀ tó pọ́n yẹn, tí kò lọ. Ó fi kápẹ́ẹ̀tì kékeré bò ó. Lẹ́yìn ìyẹn ló wẹ̀, ó wọ léèsì, ó pààrọ̀ omi inú abọ́ tánganran, ó jókòó sórí àga rẹ̀ láti gba àlejò.

Òjò ọ̀sán ti rọ̀, ó sì ti dá. Ó gbọ́ ohùn àwọn obìnrin lójú títì, ẹ̀rín àti àtẹ́wọ́, ó sì rò pé wọ́n ń kọjá lọ ni. Wọn kò kọjá. Ẹni tó ṣáájú wọn ni Mosúnmọ́lá, ó ró aṣọ àrán tí kò ró láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn obìnrin agbo ilé tẹ̀lé e, wọ́n sì fi ọmọbìnrin kan sáàárín, aṣọ funfun bo orí àti ojú rẹ̀. Láti ibi tí mọ́tò ti já wọn sílẹ̀ ni wọ́n ti rìn wá. Ẹrẹ̀ pupa dé ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ náà. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ẹni tó gbé ẹsẹ̀ wọlé.

Títílọlá wo Akínbọ́lá. Akínbọ́lá ń wo ojú táìsì bí ẹni pé wọ́n kọ nǹkan síbẹ̀.

"Ọmọ́wùnmí nìyí," Mosúnmọ́lá wí. "Òun ni igi ìrókò tí ọkọ wa ń bá wọn dúnàádúrà ní Ìgèdè."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Mosúnmọ́lá kò rẹ́rìn-ín.

"Láti èṣí ló ti fẹ́ gbé e wálé. Èmi ni mo di etí agbádá rẹ̀ mú. Mo ní kó má ṣe é, ọmọdé ni ọ́, yóò dùn ọ́. Àmọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, o fi kànrìnkàn lé mi lọ́wọ́. Ọwọ́ mi ò gba méjì. Mo fi agbádá sílẹ̀, mo gba kànrìnkàn."

Títílọlá di etí àga náà mú.

"Dìde lórí àga yẹn, kí ìyàwó rí ibi jókòó."

Kó tó mọ̀, ó ti dìde. Mosúnmọ́lá na ọwọ́, ó fa àga náà jáde sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọmọbìnrin náà jókòó sórí tìmùtìmù. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ẹsẹ̀ tó là yẹn, ti abọ́ tánganran náà títí ó fi kan etí léèsì Títílọlá.

"Ìwọ lo wà ṣáájú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Àbí òfin ti yí?"

Ní títì, àwọn ènìyàn ti ń dúró. Títílọlá tún wo ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ọkọ rẹ̀ sì sọ ohun kan ṣoṣo tó sọ lọ́jọ́ náà, ó ní kó ṣe kíá, kí oúnjẹ má tutù.

Ó kúnlẹ̀. Táìsì le lábẹ́ orúnkún rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún ọmọ náà sínú abọ́, ó ń fi ọwọ́ họ ẹrẹ̀ kúrò, omi pupa sì ń ta jáde sí ojú funfun tó wà lẹ́nu ọ̀nà, funfun náà ń mu ún. Wọ́n ní kó ṣàdúrà. Ó ṣàdúrà, kò sí ẹni tó gbọ́ ohun tó wí, wọ́n ṣáà ṣe àmín. Ó nu ẹsẹ̀ náà gbẹ pẹ̀lú etí léèsì rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó na aṣọ sí i, ó sì gbé e lé ilẹ̀. Ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀ láti dìde.

Mosúnmọ́lá tẹ̀ síwájú, ó wo àtàrí rẹ̀.

"Ìkejì ńkọ́?"